Ojú Tí Yóò Bá Ni Kalẹ́: Húùdù àti Ìtọ́jú Ojú Kámẹ́rà ní Ilẹ̀ Èkìtì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Ipò tí ojú wà lára ènìyàn ni lẹ́ǹsì wà lára kámẹ́rà. Bí ara kámẹ́rà tilẹ̀ le bí òkúta Olósùnta tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, bí dígí ojú rẹ̀ bá ti ṣe bàìbàì, àwòrán bàìbàì náà ni yóò máa yà. Síbẹ̀, ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún kámẹ́rà wọn kì í kọjá ara rẹ̀: wọn a nù ún, wọn a ra àpò aláwọ fún un, wọn a sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn, eruku àti ọ̀rinrin. Ọ̀nà tí a lè gbà dáàbò bo ojú náà, pàápàá ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan àwọn tó ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ dígí. Ó kàn wọ́n gidigidi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ wo ọdún Ùdí-Ìrókò ní Adó, olùkọ́ tó fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ bí ilẹ̀kùn ààfin àtijọ́ ti rí, olùwádìí tó ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu arúgbó, gbogbo wọn ni kámẹ́rà ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n sì ń yà kì í ṣe ohun tí a lè padà lọ yà nígbàkigbà. Arúgbó lè má sí mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀. Ikán lè jẹ òpó. A sì lè wó ilé ìbílẹ̀ kí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́ òmíràn.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ wà nítòsí. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, ni a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbé ṣiṣẹ́, orúkọ ìlú náà ni a sì fi ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ títí di òní. Ó kú ní 1938. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, a kó ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ, Ọ̀gọ̀gà sì gbà kí wọ́n mú un, ní pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí ọba jókòó tí olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà láti 1984.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí ilẹ̀kùn àti òpó wọ̀nyí lónìí, òkè òkun ni yóò lọ. Bí ó bá sì fẹ́ mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe dúró ní àyè rẹ̀, ọ̀dọ̀ fọ́tò àtijọ́ ni yóò ti wádìí. William Fagg ti British Museum rin ilẹ̀ Yorùbá ní 1949 sí 1950 àti ní 1958 sí 1959, ó sì ya iṣẹ́ ọnà púpọ̀ sílẹ̀. Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, tó wà pẹ̀lú àwọn agbẹ́gilére ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 títí di 1954, fi àwòrán púpọ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà náà, tó jáde ní 1967. Ohun tí ojú kámẹ́rà irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí ni ó kù fún wa. Èyí tí kò rí, tàbí tí ó rí ní bàìbàì, ó ti sọnù nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tí a kò pè

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ààfin Èkìtì ti rí. Àgbàlá wà láàárín, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀; ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá náà ká, abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni òpó ọlọ́nà wà. Ẹni tó bá dúró ní àgbàlá láti ya òpó, inú ìmọ́lẹ̀ ni òun wà, inú òjìji sì ni ohun tí ó ń yà wà. Ìmọ́lẹ̀ láti ojú ọ̀run àti lára ògiri funfun a máa ti ẹ̀gbẹ́ àti òkè kọlu ojú kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ara ohun tí a ń yà.

Kí ni ìmọ́lẹ̀ tí a kò pè yìí ń ṣe? Lẹ́ǹsì kì í ṣe dígí kan ṣoṣo. Dígí púpọ̀ ni a tò sínú rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ àti dígí bá ti pàdé, nǹkan bí 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé. Ńṣe ni ó ń ta padà. Bí dígí mẹ́fà bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú lẹ́ǹsì kan, ojú méjìlá ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti ta padà. Èyí tó ta padà yìí yóò máa lù sọ́tùn-ún lù sósì láàárín àwọn dígí náà, títí yóò fi bọ́ sórí àwòrán níbi tí kò yẹ kí ó dé. Ní 1935, Alexander Smakula, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ní Jámánì, rí ọ̀nà láti fi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ojú dígí kí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lè dín kù. Lónìí, irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ wà lára gbogbo lẹ́ǹsì tó dára, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń ta padà lójú dígí kọ̀ọ̀kan kò tó 1 nínú 100 mọ́. Ṣùgbọ́n ó dín kù ni, kò tán.

Èyí tó kù náà tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Yóò ta sórí àwòrán bí ìkùukùu òwúrọ̀. Dúdú igi yóò di àwọ̀ eérú. Ilà ojú, irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ fín yóò parẹ́ mọ́ ara wọn. Nígbà mìíràn, ohun roboto aláwọ̀ mèremère yóò tò lọ lórí àwòrán bí ẹni pé ẹ̀mí àìrí ni ó kọjá. Kọ̀ǹpútà lè mú kí dúdú dú sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n fínfín tí ìmọ́lẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ kò ṣe é hú jáde.

Àkẹtẹ̀ ojú kámẹ́rà

Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ wo òkèèrè nígbà tí oòrùn ń tàn sí i lójú, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo iwájú orí. Kò di ojú. Ìmọ́lẹ̀ tí kò wúlò ni ó dí lọ́nà. Iṣẹ́ yìí gan-an ni húùdù ń ṣe. Húùdù ni ohun roboto oníhò, tí a fi ike, irin tàbí rọ́bà ṣe, tí inú rẹ̀ dúdú, tí a ń dé sí ẹnu lẹ́ǹsì. Àkẹtẹ̀ kámẹ́rà ni. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara ohun tí a ń yà wọlé, ó sì ń dá èyí tó ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dúró.

Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí kò lè ṣiṣẹ́. Adó-Èkìtì kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ó fi díẹ̀ lé ní ìwọ̀n 7½ sí àríwá rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán a máa kọjá ní ọ̀gangan orí ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, orí ẹni ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Etí húùdù kékeré lè dá a dúró. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ìjà le jù, nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ tó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ wo ojú lẹ́ǹsì. Ìgbà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọdún ìbílẹ̀ ń gbóná. Ṣùgbọ́n bí oòrùn fúnra rẹ̀ bá wà nínú àwòrán tí a fẹ́ yà, kò sí húùdù tó lè ṣe é lóore. Kí a yí ibi tí a dúró sí padà, kí a fara pamọ́ sábẹ́ òjìji igi tàbí ògiri, ni ọgbọ́n tó kù.

Bí fìlà kan kì í ti í ba gbogbo orí mu, bẹ́ẹ̀ ni húùdù kan kì í ba gbogbo lẹ́ǹsì mu. Lẹ́ǹsì tó ń rí ibi gbòòrò lẹ́ẹ̀kan náà ń fẹ́ húùdù kúkurú. Èyí tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra ń fẹ́ èyí tó gùn. Bí a bá fi húùdù gígùn dé lẹ́ǹsì tó ń rí ibi gbòòrò, húùdù yóò wọ inú àwòrán, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí a fi ń gé ẹnu húùdù àwọn lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ bí ìtànná òdòdó. Lẹ́ǹsì rí roboto, àwòrán kò rí roboto. A gé e níbi tí igun àwòrán bọ́ sí, a sì fi í sílẹ̀ ní gígùn lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dé e ní òdì, tí ewé gígùn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò rí òkùnkùn lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Àṣà kan wà tó yẹ kí a fi sílẹ̀. Àwọn tó ṣe húùdù ṣe é kí a lè yí i dà sẹ́yìn nígbà tí kámẹ́rà bá wà nínú àpò, kí ó má baà gba àyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ kámẹ́rà jáde, wọ́n sì ń fi húùdù tí a yí sẹ́yìn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó fi àkẹtẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ọrùn kò lè sọ pé òun dé e nítorí oòrùn.

Iṣẹ́ kejì tí húùdù ń ṣe ni kí ó gba ìyà jẹ nítorí dígí. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, tí ìgúnpá ń gba ìgúnpá, tí atọ́kùn eégún ń fi pàṣán lé èrò sẹ́yìn, kámẹ́rà tó wà lọ́rùn a máa kọlu ohun púpọ̀. Bí ẹnu húùdù bá kọ́kọ́ kan ògiri, ike ni yóò sán, dígí yóò sì wà láìfarapa. Owó húùdù kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lẹ́ǹsì.

Eruku ọyẹ́

Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì, ọyẹ́ a máa fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti kòtò Bodélé bọ̀ ní orílẹ̀-èdè Chad. Ó kúná bí ẹ̀lúbọ́, a sì máa wọ ibi tí ìka kò lè wọ̀. Yanrìn wà nínú rẹ̀, yanrìn sì le ju dígí lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé eruku gan-an kọ́ ni ọ̀tá. Ọwọ́ tó ń nu eruku ní ìnukúnu ni. Ẹni tó fi etí agbádá tàbí ìdí ìró nu lẹ́ǹsì ní ọjọ́ ọyẹ́, yanrìn ni ó fi ń ha ojú rẹ̀. Eruku díẹ̀ lójú lẹ́ǹsì kì í sábà hàn lórí àwòrán, ṣùgbọ́n ojú dígí tí a ti ha káàkiri yóò máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, yóò sì máa mú ìkùukùu tí húùdù lé lọ padà wá.

Ètò ni ìnulẹ́ǹsì ní. Ní àkọ́kọ́, kí a dojú lẹ́ǹsì kọ ilẹ̀, kí a sì fi bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a ń tẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí eruku lè bọ́ sílẹ̀. Kí a má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ a máa bá a lọ. Èkejì, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ gbá èyí tó kù. Ẹ̀kẹta, bí ìka tàbí òróró bá ti kàn án, kí a fi aṣọ tí a ṣe fún dígí, tó mọ́ tónítóní, nù ún láti àárín yípo lọ sí etí, láìtẹ̀ ẹ́. Omi tí a fi ń fọ lẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ kán sójú dígí. Ara aṣọ ni kí a kán an sí. Nígbà tí a kò bá sì yàwòrán, kí ìdérí máa wà lójú lẹ́ǹsì. Ó rọrùn láti dènà eruku ju kí a nù ún lọ.

Olu tí ń hù nínú dígí

Bí ọyẹ́ bá lọ, ọ̀tá tó burú jù ú lọ ń bọ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò Èkìtì a máa rọ̀, afẹ́fẹ́ a sì kún fún ọ̀rinrin. Gbogbo ìyá ilé ni ó mọ bí búrẹ́dì ti ń bu ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ àti bí bàtà aláwọ ti ń hu funfun nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìbátan olu ni ohun tó ń hù náà, òun kan náà ni ó sì ń hù nínú lẹ́ǹsì. Èso rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí, ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ga ju nǹkan bí 70 nínú 100 lọ fún ọjọ́ pípẹ́, tí òkùnkùn sì wà, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè rìn, yóò ta gbòǹgbò tínínrín bí òwú aláǹtakùn sójú dígí. Oje kíkan a máa jáde lára rẹ̀, a sì máa jẹ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Smakula kọ́ni láti fi bo dígí. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, kò sí aṣọ tó lè nù ún kúrò. Àwọn àgbà ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣèpin. Lẹ́ǹsì tó ti ń ṣèpin ní ọdún kejì tí a rà á kò ní bá olówó rẹ̀ dé ibi kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ààbò ni ó ń fa àrùn yìí. Wọn a fi lẹ́ǹsì sínú àpò aláwọ, wọn a tì í mọ́ inú àpótí aṣọ, wọn a sì fi í síbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Awọ a máa mu omi sára, a sì máa fún olu ní oúnjẹ. Ó sàn kí lẹ́ǹsì wà nínú ike tó ní ìdérí tó mọ́ ọn pinpin, pẹ̀lú àwọn ẹ̀pà funfun kéékèèké tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa omi mu. Kí ọ̀rinrin inú ike náà wà láàárín 40 sí 50 nínú 100 ni ó dára jù; ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń da ìrẹsì gbígbẹ sínú ike dípò ẹ̀pà yìí, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa di oúnjẹ olu. Oògùn tó dára jù ni pé kí a máa lo lẹ́ǹsì náà lóòrèkóòrè, nítorí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni olu kò fẹ́. Kí a sá a sí oòrùn gbígbóná láìní ìdérí kò dára, nítorí lẹ́ǹsì lè kó oòrùn jọ sójú kan kí ó sì jó ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìrì pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rinrin. Ẹni tó bá ti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà jáde sínú ooru yóò rí i pé omi bo ojú lẹ́ǹsì lójijì. Kí ó ti so kámẹ́rà mọ́ inú ọ̀rá kí ó tó jáde, kí ó sì dúró fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ó tó tú u. Ìrì náà yóò sẹ̀ sára ọ̀rá, kì í ṣe sára dígí.

Dígí lórí dígí

Àwọn tó ń ta kámẹ́rà sábà máa ń gba oníbàárà níyànjú pé kí ó ra fíltà, èyí tí í ṣe dígí pẹlẹbẹ tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì. Ó ní àyè tirẹ̀. Níbi tí omi ti ń ta sókè, bí ìsun omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, tàbí nínú eruku ọyẹ́ líle, ó tọ́ kí fíltà gba ohun tó ń fò lójú lẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ojú méjì mìíràn ni fíltà fi kún ojú tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà. Ní alẹ́, níbi tí iná mànàmáná ń tàn sí kámẹ́rà, òun ni ó sábà ń mú kí òjìji iná náà hàn níbi tí iná kò sí. Bí fíltà bá sì fọ́, èérún rẹ̀ lè ha lẹ́ǹsì tí a ní kí ó dáàbò bò. Nítorí náà, húùdù ni ó yẹ kí ó wà lójú lẹ́ǹsì nígbà gbogbo. Fíltà ni kí ó wà nígbà tí ìdí bá wà.

Àwọn tí fóònù nìkan jẹ́ kámẹ́rà wọn kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ àti òróró etí ni ó sábà ń bo ojú fóònù. Kí a fi aṣọ mímọ́ nù ún kí a tó yàwòrán. Bí oòrùn bá sì ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí a na ọwọ́ kan sókè kí òjìji rẹ̀ bọ́ sójú lẹ́ǹsì, láìjẹ́ kí ìka wọ inú àwòrán. Ọwọ́ ni húùdù àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó ń rà á.

Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ papọ̀, ohun tó ń pa lẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ìṣubú nìkan. Àṣìnù àti àpamọ́ ń pa á pẹ̀lú: a fi ipá nu èyí tó yẹ kí a fẹ́, a sì fi pamọ́ sókùnkùn èyí tó yẹ kí a máa gbé jáde sí afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó lẹ́ǹsì kọ́ ni àdánù tó tóbi jù. A lè fi owó ra lẹ́ǹsì mìíràn. Òpó tó ti ré òkun lọ, arúgbó tó ti sùn, ọdún tí àwọn tó mọ orin rẹ̀ ti tán, a kò lè fi owó mú wọn padà wá síwájú kámẹ́rà. Ìgbẹ̀yìn ní í dun olókùú àdá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí oko ìwádìí pọ́n àdá tirẹ̀ láti ilé.